Ìgbì: Bí Ó Ṣe Ń Rìn, Bí Ó Ṣe Ń Hùwà, àti Èyí Tí Ó Yẹ Kí Etí Wa Ṣọ́ra Fún

Moshie Zongo jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Ghana. Òkun jìnnà sí ibẹ̀ ju 150 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ìgbì ni ó ń jí àwọn ará ibẹ̀ láàárọ̀. Ohùn ladani tí ó ń pe ìrun àsùbáà jẹ́ ìgbì. Ariwo ẹ̀rọ ìlọgbàdo, èyí tí wọ́n ń pè ní nika-nika, jẹ́ ìgbì. Ọ̀rọ̀ tí fóònù alágbèéká ń gbé, ìròyìn inú rédíò, àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó tàn sórí páànù òrùlé, ìgbì ni gbogbo wọn. Bí aboyún bá sì lọ ṣe àyẹ̀wò sìkáànù ní ilé ìwòsàn, ìgbì náà ni a ó fi wo ọmọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hausa ni zongo, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibùdó àwọn arìnrìn-àjò. Moshie ni a ń pe àwọn Mossi, tí ilẹ̀ baba wọn wà ní Burkina Faso. Àwọn oníṣòwò Yorùbá náà ti bá àwọn àlejò mìíràn gbé ní Kumasi tipẹ́tipẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn padà sílé lẹ́yìn òfin tí ìjọba Busia gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ilé sún mọ́ ilé, ariwo ẹnì kan sì ni ariwo gbogbo ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rù òpó fóònù tí a gbé kalẹ̀ sí ẹ̀bá ilé wọn. Àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù sìkáànù pé ó lè ṣe ọmọ inú ní ibi. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó ń dúró ti ẹ̀rọ ìlọgbàdo láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kì í fi ohunkóhun dí etí, kò sì sí ẹni tí ń bẹ̀rù nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé èyí tí a kò bẹ̀rù yìí gan-an ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá. Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìgbì jẹ́ àti bí ó ṣe ń hùwà.

Kí ni ìgbì?

Ìgbì ni mímì tí ó ń ti ibì kan lọ sí ibòmíràn, tí ó sì ń gbé agbára lọ, láìgbé ohun tí ó gba inú rẹ̀ kọjá lọ pẹ̀lú. Gbólóhùn yìí ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Adágún Bosomtwe wà ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí gúúsù ìlà-oòrùn Kumasi. Òkúta ńlá kan tí ó já láti ojú ọ̀run ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn ni ó gbẹ́ kòtò tí omi náà kún. Bí ẹnì kan bá sọ òkò sínú adágún yìí, ìgbì yóò tàn káàkiri ní róbótó láti ibi tí òkò náà bọ́ sí. Bí ewé gbígbẹ bá léfòó lórí omi níbẹ̀, ewé náà yóò gòkè, yóò sì sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá ìgbì dé etí omi. Omi náà kò rìn lọ. Mímì rẹ̀ ni ó rìn.

Bákan náà ni ó rí nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ladani bá ń pe ìrun, èémí tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í fò wọ inú etí wa. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ ni ó ti èyí tí ó tẹ̀ lé e, tí ìyẹn náà sì ti èkejì rẹ̀, títí títì náà fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dà bí ìgbà tí àwọn ènìyàn tò sórí ìlà, tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá ti ẹni iwájú rẹ̀: láìpẹ́, ẹni àkọ́kọ́ yóò mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò kúrò ní àyè rẹ̀. Ohun tí ó dé etí wa kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹlòmíràn, agbára ni. Agbára kì í sì í dé ibì kan kí ó má ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

Oríṣi ìgbì

A lè fi ọ̀nà méjì pín ìgbì sí oríṣiríṣi.

Ọ̀nà kìíní ni bí mímì náà ṣe rí. Bí a bá so orí okùn kan mọ́ igi, tí a sì ń mi orí kejì sókè-sódò, ìgbì yóò sáré lórí okùn náà lọ sí ìdí igi. Okùn ń mì sókè-sódò, ìgbì ń lọ síwájú; mímì náà dá ọ̀nà ìgbì kọjá ní ìbú. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rí. Ìró ní tirẹ̀ yàtọ̀: afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀, ó sì ń tú ká, ní ọ̀nà kan náà tí ìgbì ń bá lọ. Ilẹ̀ ríri a máa ní oríṣi méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Accra ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, tí ènìyàn 17 sì kú, oríṣi ìgbì méjèèjì ni ó la inú ilẹ̀ kọjá. Èyí tí ń fún ilẹ̀ pọ̀ tí ó sì ń tú u ká ni ó máa ń yára jù, òun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ dé. Èyí tí ń mi ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ a sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí ìgbì náà nílò kí ó tó lè rìn. Ìró kò lè rìn bí kò bá sí afẹ́fẹ́, omi, ògiri tàbí irin tí yóò gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀, ìgbì rédíò, ìgbì fóònù àti ìtànṣán X-ray kò nílò ohunkóhun. Iná mànàmáná àti agbára òòfà tí ó jọ ń mì pọ̀ ni ó bí wọn, wọ́n sì lè la òfìfo kọjá. Láti oòrùn dé ayé tó 150 mílíọ̀nù kìlómítà, òfìfo ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rin ìrìn náà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. A ń rí oòrùn, ṣùgbọ́n a kò lè gbọ́ ọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó máa pe àwọn ti àkọ́kọ́ ní ìgbì ìró, a ó sì máa pe àwọn ti ìkejì ní ìgbì ìtànṣán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà ń ṣe ara ní jàǹbá kò jọ ara wọn rárá.

Ohun mẹ́rin tí a fi ń dá ìgbì mọ̀

Ìkíní ni gíga ìgbì. Èyí ni bí ohun tí ń mì ṣe jìnnà tó sí ibi tí ó wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bí ìgbì bá ṣe ga tó ni agbára tí ó gbé ṣe pọ̀ tó. Ní ti ìró, ìgbì gíga ni ariwo ńlá.

Ìkejì ni gígùn ìgbì. Èyí ni àyè tí ó wà láàárín orí ìgbì kan àti orí ìgbì tí ó tẹ̀ lé e.

Ìkẹta ni iye mímì, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Hertz ni a fi ń kà á, ní ìrántí Heinrich Hertz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fi hàn ní òpin àwọn ọdún 1880 pé ìgbì rédíò wà lóòótọ́.

Ìkẹrin ni ìyára ìgbì. Ohun tí ìgbì ń gbà kọjá ni ó ń pinnu èyí. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná bíi ti Kumasi, ìró ń rìn ní nǹkan bí 350 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi ó tó nǹkan bí 1,500 mítà, nínú irin ó sì ju 5,000 mítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ìdí nìyí tí mànàmáná fi máa ń kọ kí a tó gbọ́ àrá. Bí a bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín méjèèjì, àrá náà sán ní nǹkan bíi kìlómítà kan sí wa.

Mẹ́ta nínú nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí so mọ́ ara wọn: bí a bá sọ iye mímì di ìlọ́po gígùn ìgbì, ìyára ni a ó rí. Ìró tí ó mì ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Èyí tí ó mì ní ìgbà 3,500 kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ilé iṣẹ́ rédíò Luv FM ní Kumasi wà lórí 99.5; èyí já sí pé ìgbì rẹ̀ ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 99 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́ta.

Ẹni tí ó bá mọ gángan mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gíga ìgbì àti iye mímì. Bí onílù bá fún ọṣán ìlù mọ́ra, awọ yóò le, yóò máa yára mì, ohùn yóò sì lọ sókè. Bí ó bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ohùn yóò sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá yí ọwọ́ padà, tí ó kàn fi ọ̀pá lu awọ kíkankíkan, ohùn kan náà ni yóò jáde, kìkì pé yóò rinlẹ̀ sí i. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn Asante gbà ṣe é: ìlù méjì ni atumpan wọn, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lókè, èkejì ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.

Ìwà ìgbì

Ìgbì a máa ta padà. Bí ìró bá lu ògiri líle, yóò padà wá. Òun ni gbohùngbohùn tí a ń gbọ́ lẹ́bàá òkè. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a gbé sínú yàrá kékeré tí ó ní ògiri sìmẹ́ńtì àti òrùlé páànù a máa pariwo ju èyí tí ó wà ní gbangba lọ: ìgbì kan náà ń gba etí kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún ń padà wá.

Ìgbì a máa tẹ̀. Bí ó bá kúrò nínú ohun kan bọ́ sínú òmíràn tí ìyára rẹ̀ kò ti dọ́gba, ó máa ń yí ọ̀nà padà. Igi tí a kì bọ inú korobá omi a máa dà bí ẹni pé ó ṣẹ́. Ìwà yìí kan náà ni awò ojú ń lò láti ran àwọn tí kò ríran dáadáa lọ́wọ́.

Ìgbì a máa yí igun. Ìgbì tí ó gùn ju ohun tí ó dí i lọ́nà lọ a máa yí i ká. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ ìpè ìrun ní ẹ̀yìn ilé tí a kò ti rí mọ́sáláṣí. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ kò gùn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, nítorí náà ògiri ń dá a dúró, òjìji sì ń wà. Nígbà tí wọ́n bá ń lu orin ní òpópónà kejì, ohùn ìsàlẹ̀ tí ń dún gbì-gbì-gbì ni ó máa ń wọlé dé orí ibùsùn, nítorí pé òun ni ìgbì rẹ̀ gùn jù.

Ìgbì méjì a máa dàpọ̀. Bí orí ọ̀kan bá pàdé orí èkejì, wọn yóò ga sí i. Bí orí ọ̀kan bá pàdé kòtò èkejì, wọn yóò pa ara wọn rẹ́.

Ìgbì a máa rí ẹni tí ó bá a mu. Ohun gbogbo ni ó ní iye mímì tí ó wù ú jù. Bí a bá ń ti ọmọ tí ó ń fì lórí okùn ní àkókò tí ó bá fífì rẹ̀ mu, kò ní pẹ́ tí yóò fi lọ sókè gan-an, bí ọwọ́ wa kò tilẹ̀ le. Ihò etí àgbàlagbà, tí ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀, fẹ́ràn ìgbì tí ó ń mì ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń sọ irú ìró bẹ́ẹ̀ di ńlá kí ó tó wọ inú.

Ìgbì a máa fọ́n ká. Bí ó bá ṣe ń jìnnà sí orísun rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń tàn sórí àyè púpọ̀ sí i. Ní gbangba, bí a bá sọ jíjìnnà wa di ìlọ́po méjì, agbára tí ó dé ọ̀dọ̀ wa yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nínú gbogbo ìwà ìgbì, èyí ni ó rọrùn jù láti lò fún ìdáàbòbò ara ẹni: ìṣísẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn jẹ́ oògùn.

Bí etí ṣe ń gba ìgbì

Ìgbì ìró wọ ihò etí, ó lu awọ tín-ín-rín kan tí ó dà bí awọ ìlù. Awọ náà mi eegun kéékèèké mẹ́ta, eegun wọ̀nyí sì mi omi tí ó wà nínú ohun kan tí ó rí bí ìkarahun ìgbín. Nínú ìkarahun yìí ni nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-rín tò sí. Àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́ ohùn òkè. Àwọn tí ó wà ní ìkángun ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Bí irun wọn bá tẹ̀, wọn yóò ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọmọdé tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbọ́ ìró tí ó mì láti ìgbà 20 títí dé 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ariwo ńlá ń ṣe irun wọ̀nyí bí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe koríko. Koríko tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò tún nà. Èyí tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ yóò kú, ibẹ̀ yóò sì di ojú ọ̀nà. Adìyẹ lè hu sẹ́ẹ̀lì onírun mìíràn nínú etí bí ti àtijọ́ bá kú. Ènìyàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Báwo ni ariwo ṣe ń di ewu?

Decibel ni a fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó nǹkan bí 30 decibel, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó 60. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò rí bí ti owó. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Bí ó bá fi 10 lé sí i, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ariwo 90 decibel kò fi díẹ̀ ju ti 60 lọ. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ń lò ni 85 decibel fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ariwo bá fi 3 lé sí i, a ó pín àkókò náà sí méjì: 88 fún wákàtí mẹ́rin, 91 fún wákàtí méjì, 94 fún wákàtí kan. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Láìsí ẹ̀rọ ìwọnwọ̀n, ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ ọ́n: bí a bá ní láti pariwo kí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí wa tó gbọ́ wa, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ méjì ní Ghana, Boateng àti Amedofu, gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìlọgbàdo, ibi ìlagi àti ibi ìtẹ̀wé. Wọ́n rí i pé ariwo ibi ìlọgbàdo àti ibi ìlagi kọjá 85 decibel, àti pé ariwo náà ti ba etí díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́.

Jàǹbá yìí kì í ṣẹ̀jẹ̀, kì í sì í dunni. Ìgbì tí ń mì ní nǹkan bí ìgbà 4,000 ni etí kọ́kọ́ máa ń pàdánù, kò sì jìnnà sí ibi tí ihò etí ti ń sọ ìró di ńlá. Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ń sọ Yorùbá? Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ wa wà láàárín nǹkan bí ìgbà 80 sí 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà wọn kì í tètè lọ. Ṣùgbọ́n f, s àti ṣ wà lókè réré, àwọn ni ó ń lọ. Ẹ wo "ìfẹ́" àti "ìṣẹ́": ohùn wọn kò yàtọ̀, f àti ṣ nìkan ni ó yà wọ́n. Gángan kan náà ni a ó fi lu méjèèjì. Ẹni tí ariwo ti ba etí rẹ̀ jẹ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu bí ẹni ń gbọ́ ìlù: ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni wọ́n ń sọ tàbí ìṣẹ́. Nígbà náà ni àwọn ará ilé yóò máa wí pé, "Bàbá gbọ́, wọn kò kàn fẹ́ dáhùn ni." Bàbá gbọ́ ohùn lóòótọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńkọ́?

Àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Ghana ti fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé: 55 decibel lọ́sàn-án, 48 lóru. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Kwabena Frimpong-Boateng, tí ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ àyíká nígbà náà, dámọ̀ràn pé kí àwọn mọ́sáláṣí máa fi WhatsApp pe ìrun dípò ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọ̀rọ̀ náà fa àríyànjiyàn púpọ̀.

Bí a bá fi ìmọ̀ ìgbì wo ọ̀rọ̀ náà, nǹkan méjì ni a ó rí. Àkọ́kọ́, iye àkókò ṣe pàtàkì bí ariwo fúnra rẹ̀. Ìpè ìrun kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Orin ìnáwó tí a lù láti alẹ́ mọ́jú ń fún etí ní ohun tí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìkejì, ibi tí a gbé sípíkà sí ṣe pàtàkì. Sípíkà ńlá kan tí a gbé sílẹ̀ a máa di àwọn tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ létí kí ohùn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Sípíkà kéékèèké bíi mélòó kan tí a gbé sókè, tí a sì pín káàkiri, yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn láìṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Ìgbì ìtànṣán: èwo ni ó léwu?

Bí a bá to ìgbì ìtànṣán ní ìwọ̀n iye mímì wọn, ìgbì rédíò ni ó wà nísàlẹ̀, ìgbì fóònù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ooru, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí, àti X-ray lókè. Bí iye mímì bá ṣe ga tó ni agbára inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ìtànṣán náà ṣe tó. Láti orí ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí lọ sókè ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti lágbára tó láti ba ohun tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́, èyí tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn fi ń sá sẹ́yìn ògiri bí wọ́n bá ń ya X-ray, tí wọ́n sì máa ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin bóyá ó lóyún.

Ìgbì òpó fóònù wà nísàlẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò lágbára tó ti ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tí ó wà nínú yàrá wa. Ohun tí ó lè ṣe, bí ó bá pọ̀ púpọ̀, ni kí ó mú ara gbóná. Nítorí náà ni a kò fi gba ẹni tí kò gba àṣẹ láyè láti gun òpó náà. Ní ilẹ̀, ní ibi tí a ń gbé, ó ti fọ́n ká, agbára rẹ̀ sì ti kéré jọjọ. Ní ọdún 2011, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kọ ìgbì wọ̀nyí mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ, nítorí pé ẹ̀rí ọjọ́ náà kò tó. Ní ọdún 2024, àgbéyẹ̀wò ńlá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a ṣe kò rí i pé lílo fóònù so mọ́ jẹjẹrẹ inú ọpọlọ.

Sìkáànù aboyún ńkọ́? Kì í ṣe X-ray. Ìgbì ìró ni, irú èyí tí ń mì ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí etí kò lè gbọ́. Ó wọ inú ara, ó ta padà bíi gbohùngbohùn, ẹ̀rọ sì fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ ya àwòrán ọmọ. Ní ọdún 1958 ni Ian Donald àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ wọn lórí èyí jáde. Láti ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí aboyún ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ẹni tí ó mọṣẹ́ ni kí ó ṣe é, kí ìdí ìlera sì wà fún un. Aboyún tí ó bá sá fún sìkáànù nítorí ìbẹ̀rù ń sá fún ohun tí ó lè tètè fi hàn pé ìbejì ni ó wà nínú rẹ̀, tàbí pé ibi ọmọ dí ojú ọ̀nà.

Kí ni kí a ṣe?

- Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọgbàdo, ẹ̀rọ ìlagi tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ lo ohun ìdítí gidi. Òwú lásán kò tó.
- Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gba ipò ara wọn, kí etí lè sinmi. Kí ọ̀gá má ṣe fi ọmọ iṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ ní gbogbo ọjọ́.
- Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ojú fèrèsé. Ìlọ́po méjì jíjìnnà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin agbára.
- Níbi ìnáwó, ẹ má ṣe gbé ọmọ ọwọ́ jókòó sí iwájú sípíkà.
- Bí a bá ń fi ohun àfisétí gbọ́ orin, kí ó má kọjá ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohùn tí fóònù lè gbé jáde.
- Bí etí bá ń hó lẹ́yìn ariwo, tàbí tí a ń gbọ́ ohùn ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò yé wa, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Kumasi, ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye ní ẹ̀ka ìtọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Ẹ má ṣe ki ohunkóhun bọ etí, ẹ má sì ṣe kán epo sí i.

Ìgbì kò burú, kò sì dára fúnra rẹ̀. Agbára ni ó ń gbé. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: irú ìgbì wo ni, báwo ni ó ṣe ga tó, báwo ni ó ṣe ń yára mì tó, báwo ni a ṣe sún mọ́ ọn tó, báwo ni ó sì ṣe pẹ́ lára wa tó? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí yóò lọ ṣe sìkáànù rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, yóò sì dí etí rẹ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ ìlọgbàdo.